Iyanrìn Tí Ẹsẹ̀ Méjì Tẹ̀

Bí ẹ bá rí Adélaní létí pápá, ẹ ó rò pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fi téépù wọ̀n. Yóò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, yóò na ọrùn kọjá okùn tí wọ́n ta yí kòtò iyanrìn ká, yóò máa jó níbi tó dúró sí bí ẹni tí èèrà wọ̀ ní bàtà. Bẹ́ẹ̀, òun kọ́ ló ń fò. Wúràọlá ọmọ rẹ̀ ló ń fò, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ òun kúrò nílẹ̀ ju ohun gbogbo lọ.

"Gbé orúnkún! Gbé orúnkún, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé iṣu ni mo fún ọ jẹ láàárọ̀ àbí òkúta?"

Gbogbo ẹni tó wà ní pápá ìṣeré Àkúrẹ́ á yíjú sí i. Wúràọlá nìkan ni kì í wò ó. Ilẹ̀ ló máa ń wò, bíi pé nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá.

Ní òdìkejì kòtò, obìnrin kan wà tí ẹnu tirẹ̀ náà kì í sinmi. Yéjídé ni, olùkọ́ láti ìlú Oǹdó, opó, tó ń mú Olúrántí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí Àkúrẹ́ ní gbogbo Sátidé fún ìdánrawò. Èébú tí Adélaní bá bú ọmọ rẹ̀, Yéjídé á bú tirẹ̀ ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kejì rèé tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ọmọ Èkìtì tó máa ń gba iwájú nínú eré fífò sì ti bá tiwọn lọ. Ó wá ku ọmọ Àkúrẹ́ kan àti ọmọ Oǹdó kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni Kóòṣì Táíyé máa mú lọ síbi ìdíje àwọn ọmọdé gbogbo Nàìjíríà. Bí wọ́n bá sì wọn àwọn méjèèjì, ìbú ìka ló máa ń wà láàárín wọn. Lónìí Wúrà ló jù, lọ́la Rántí.

Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ńkọ́? Wọ́n á jókòó tira wọn lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n á máa pín omi inú ike kan náà mu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín ohun tí àgbàlagbà kankan ò gbọ́. Adélaní rí wọn, inú sì bí i.

"Ẹni tó fẹ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu ẹ lo wá ń bá mu omi?" Bó ṣe sọ fún Wúrà nínú mọ́tò nìyẹn. Ọmọ náà gbé orí ti gíláàsì títí wọ́n fi dé ilé wọn ní Ọ̀bà-Ilé.

* * *

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni Adélaní rí nǹkan.

Ó fẹ́ wo ìsàlẹ̀ bàtà ìfò ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti ń jẹ. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ohun kan tó rọ̀, tó tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fà á jáde. Ìgbàdí ni, awọ dúdú tí wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n fi òwú dúdú àti funfun wé, tí ẹnu abẹ́rẹ́ kan sì yọ síta láàárín rẹ̀. Òórùn èéfín àti epo tó ti pẹ́ ń jáde lára rẹ̀. Adélaní jù ú sílẹ̀, ó sì fọwọ́ nu ara ṣòkòtò.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó ń gbé àwo ọrẹ kiri lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i ti sọ fún un láti kékeré pé èèyàn ò ṣeé fi ojú lásán wò. Kó tó mí lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ kan ti wá sí i lọ́kàn, orúkọ náà ni Yéjídé.

Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ bi ọmọ náà léèrè."

"Kí ló mọ̀? Ṣé ẹni tí wọ́n ń sà sí máa ń mọ̀ ni?"

"Bàbá Wúrà, inú báàgì rẹ̀ lẹ ti rí i. Ẹ kúkú bi í."

Kò bi í. Ká ní ó bi í ni, ìtàn yìí ì bá má sí, tèmi tiyín ì bá ti máa sọ nǹkan mìíràn. Ó fi ìwé ìròyìn wé ìgbàdí náà, ó tì í sábẹ́ ìjókòó mọ́tò, ó sì kọjú sí ọ̀nà Oda.

* * *

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ oòrùn kò lè ya kùrukùru. Ilé tí wọ́n júwe fún un wà lẹ́yìn oko kòkó kan, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti parí, arúgbó oníṣègùn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Oyèbọ́lá ló sì ń gbé ibẹ̀. Adélaní fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú oko. Ewé kòkó gbígbẹ ń dún lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó dúró láti nu òógùn, ewé sì tún dún lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Láti ibẹ̀ lọ, kò dúró mọ́.

"Wọ ulé wá," ohùn kan wí kó tó kanlẹ̀kùn.

Màmá Oyèbọ́lá jókòó ti ààrò, kò sì wojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba ìwé ìròyìn náà, ó tú u, ó gbé ìgbàdí náà sún mọ́ imú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹni tó ṣe èyí mọ ohun tó ń ṣe," ló wí níkẹyìn.

"Ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ fi pa, àbí, Màmá?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Kí lo fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú o. Kí ẹsẹ̀ ọmọ tiwọn má kàn lè gbé e nílẹ̀ mọ́. Kí ìdíje yìí ṣáà kọjá ni."

"Kí ìdíje kọjá." Ìyá náà rẹ́rìn-ín sínú. "Oògùn ò mọ kàlẹ́ńdà, ọmọ mi. Ìwọ tún lọ rò ó."

"Mo ti rò ó, Màmá. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ó dáa. Mú iyanrìn tí ẹsẹ̀ ọmọ náà tẹ̀ wá. Bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni kí o bù ú. Tirẹ̀ nìkan o. Kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn má sí níbẹ̀."

"Ìyẹn ò le. Inú iyanrìn ni wọ́n kúkú ti ń ṣeré."

Ìgbà yẹn ni ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wò ó, ìwò náà kò sì tu Adélaní lára.

* * *

Ní Sátidé, Olúrántí sáré, ó tẹ pákó funfun, ó gbéra. Nígbà tó balẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ gbẹ́ kòtò kékeré méjì sínú iyanrìn. Kóòṣì Táíyé wọ̀n ọ́n, ó pariwo iye tó jẹ́, gbogbo ènìyàn sì yíjú padà síbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré.

Adélaní bẹ̀rẹ̀ létí kòtò bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà rẹ̀ kò sì ní okùn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu ibi tí gìgísẹ̀ ọmọ náà tẹ̀, ó dà á sínú aṣọ ìnujú. Iyanrìn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Lódìkejì, Yéjídé ń na ìka sí ọmọ rẹ̀ lójú, ó ń bi í bóyá ẹsẹ̀ ló fi fò àbí ikùn. Kò sẹ́ni tó ń wo òun. Bẹ́ẹ̀ ló rò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé e dé Oda. Màmá Oyèbọ́lá da iyanrìn náà sínú ìkòkò kékeré kan, ó fi awọ bo ẹnu rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i ní ohùn tí Adélaní kò gbọ́. Ó ti òkúta ààrò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ó sì dá òkúta náà padà. Iná kì í kú nínú ààrò yẹn.

"Ó ti parí, Màmá?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ ni."

* * *

Ẹnu Yéjídé fúnra rẹ̀ ni Adélaní ti wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn ni. Olúrántí ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró lójijì.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ òsì mi kú tipiri."

"Ìmẹ́lẹ́ lò ń ṣe. Sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ ká lọ."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì ṣubú. Àwọn ìyá ìjọ sáré gbé e. Yéjídé fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ padà, nítorí ẹsẹ̀ náà tutù nini nínú oòrùn. Ojú ẹsẹ̀ ni orúkọ kan wá sí òun náà lọ́kàn, orúkọ náà ni Adélaní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ní Ọ̀bà-Ilé, Adélaní ń de táì níwájú dígí, ó sì ń kọ orin ìyìn lábẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Ó gbọ́ gbì! nínú yàrá ọmọ rẹ̀.

Ó bá Wúràọlá nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sunkún. Ó di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹrù ẹlòmíràn.

"Dádì, kò gbọ́ tèmi mọ́."

* * *

Dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó fún un ní oògùn ara ríro, ó ní kó sinmi.

Kò sí ìsinmi nínú ilé náà. Láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, Mojísọ́lá ké, Adélaní sì sáré wọ yàrá. Ìjàlọ ti tò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọn kò gun bẹ́ẹ̀dì, wọn kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Bàtà ìfò Wúràọlá ni wọ́n yí ká, ti òsì nìkan, wọ́n ń yí i po, wọ́n ń yí i po. Adélaní da kẹrosíìnì sí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, òórùn èéfín gba yàrá náà kan, bẹ́ẹ̀ wọn kò dáná.

"Ó dà bíi pé wọ́n ń yan ẹsẹ̀ mi, Dádì," Wúràọlá wí. Adélaní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó tutù bí omi inú àmù.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Wọ́n ń yan án. Abẹ́ ààrò ni ìkòkò yẹn wà. Ó bọ́ sínú mọ́tò láì wọ bàtà.

Màmá Oyèbọ́lá wà níbi tó fi í sí, ó ń koná.

"Màmá, ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́ kíákíá! Ọmọ mi ló mú!"

"Iyanrìn ta lo gbé wá?"

"Ti ọmọ Oǹdó ni! Ojú mi báyìí ló ṣe tẹ̀ ẹ́!"

"Ta ló fò ṣáájú rẹ̀?"

Adélaní rántí. Wúràọlá ló fò ṣáájú. Ibẹ̀ náà ló balẹ̀ sí, ìbú ìka ló wà láàárín wọn, ìbú ìka tí òun ti ń tìtorí rẹ̀ bú ọmọ láti ọdún tó kọjá. Ohun mìíràn sì tún wá sí i lọ́kàn. Bí ọmọ kan bá fò tán, àwọn ọmọ náà ló máa ń fi réèkì tẹ́ iyanrìn fún ara wọn, kí ẹni tó kàn lè balẹ̀ síbi tó dán. Wúrà ló tẹ́ ẹ fún Rántí lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ bàtà, ó rìn yíká inú kòtò náà, ó ń da ti ẹsẹ̀ òun pọ̀ mọ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú Adélaní, àmọ́ iye tí Kóòṣì ń pè nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀gá ní Alágbàká, ó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ bá mi yọ ti ọmọ mi sọ́tọ̀, Màmá. Ẹ dákun."

"Ta ló ń ṣa iyanrìn?" Ìyá náà ti òkúta ààrò, ó wú ìkòkò náà jáde, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. "Ibi tó ti wá ni kí o dá a padà sí. Ìwọ àti ìyá èkejì, lójú ọ̀sán, lójú èèyàn, lórí ìkúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn á gbóná. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ o."

"Ohunkóhun ni, Màmá."

"Láti ọjọ́ yẹn lọ, ojú rẹ kò gbọdọ̀ bá ọmọ rẹ lókè mọ́ nígbà tó bá ń fò. Ojú ìyá èkejì kò gbọdọ̀ bá tirẹ̀. Kí àwọn máa fò. Kí ẹ̀yin kọ ẹ̀yìn."

"Láéláé?"

Ìyá náà mú ìgbàdí náà láti orí àjà, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀. "Mú un lọ fún ẹni tó ni ín. Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn náà mọ ọ̀nà oko mi."

* * *

Òkè-Lísà ni ilé Yéjídé wà ní Oǹdó. Bó ṣe rí Adélaní lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá a láṣọ mú.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é! Kí ni ọmọ aláìníbaba ṣe yín?"

Adélaní kò jà. Ó na ìgbàdí náà sí i, ọwọ́ Yéjídé sì rọ̀ lára aṣọ rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí ìgbàdí ọmọ mi?"

"Nínú báàgì ọmọ mi. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ síbẹ̀, ni mo ṣe gbé e lọ sí Oda."

"Èmi? Ìdí rẹ̀ ni mo so ó mọ́! Mo sọ fún un pé kò gbọdọ̀ tú u!"

"Èmi ni mo fún Wúrà." Ohùn kékeré ni, láti inú yàrá. Olúrántí dùbúlẹ̀, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Inú yàrá kan náà ni gbogbo wa ti ń bọ́ṣọ. Ojú ń tì mí. Mo ní kó bá mi tọ́jú ẹ, kí ẹ má baà mọ̀ pé mo ti tú u. Ó ní òun ò ní sọ fún ẹnì kankan."

Àwọn àgbàlagbà méjèèjì dúró, wọn ò lè wo ara wọn lójú. Wúràọlá kò sọ fún ẹnì kankan lóòótọ́. Ẹnì kankan kò sì bi í.

"Kí lẹ ní kí ìgbàdí náà ṣe?" Adélaní béèrè pẹ̀lẹ́.

"Kó gbé ọmọ mi sókè ni." Yéjídé fi etí aṣọ nu imú. "Mo sì ní kó máa rẹ ẹni tó bá ń bá a du ipò náà. Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, Bàbá Wúrà. Ẹ̀yin náà, kí lẹ gbé lọ sí Oda?"

"Iyanrìn."

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," Yéjídé wí. Kò sì sọ ẹni tó ń bá wí nínú àwọn méjèèjì.

* * *

Wọ́n dá iyanrìn náà padà ní Sátidé, lẹ́yìn tí Adélaní ti ka èèwọ̀ náà fún Yéjídé. Kóòṣì Táíyé rí i, àwọn ọmọ mìíràn rí i, obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì sún mọ́ tòsí kó lè rí i dáadáa. Olùkọ́ àti ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba kúnlẹ̀ nínú kòtò iyanrìn, wọ́n ń fọwọ́ da iyanrìn inú ìkòkò padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ wọn jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Nígbà tí ìkúnwọ́ tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀, Olúrántí sín, ó sì ká ẹsẹ̀ kò. Wúràọlá wo ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó ń mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹun yó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú. Adélaní jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Dádì, mo rí yín lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ ń bu ibi tí Rántí tẹ̀. Mo ti sáré dé ìdajì, ó yẹ kí n tún fò, mo wá rí yín lórí ìkúnlẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ ṣe." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń rí."

"Ṣé ẹsẹ̀ náà ló ń ṣe ọ́ ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́?"

"Mi ò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má wá mọ́, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa dá lọ."

Adélaní kò sọ fún un pé èèwọ̀ ló ti dé. Ó ní òun ti gbọ́. Ó jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ìbá ṣe pé ìyá Oda nìkan ló lé e ni, ì bá rí nǹkan bínú sí.

* * *

Ọjọ́ tí wọ́n máa mú ẹni tó ń lọ pé. Adélaní ti ṣèlérí fún Mojísọ́lá pé ilé lòun máa wà. Ó gé òdòdó àgbàlá, ó fọ mọ́tò tó mọ́, ó tún fọ̀ ọ́, ó sì wà á lọ sí pápá. Òun ò ní wọlé, ó sọ fún ara rẹ̀. Ìta lòun máa dúró sí. Etí kò sí nínú èèwọ̀.

Yéjídé ti débẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri wáyà tó yí pápá ká, ojú rẹ̀ sọ́nà títì, ó ń ka Sáàmù. Adélaní fẹ̀yìn ti wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò kí ara wọn. Okadà ń kọjá, àwọn tó wà lórí rẹ̀ ń wo àwọn àgbàlagbà méjì tó wá wòran tí wọ́n kẹ̀yìn sí ìran.

"Olúrántí!" Ohùn Kóòṣì Táíyé ni.

Eré. Pákó dún. Ariwo sọ, Kóòṣì sì pe iye kan tí wọn ò tíì pè nínú kòtò náà rí. Yéjídé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò yí padà. Ó fi eyín di ètè mú.

"Wúràọlá!"

Gbogbo pápá dákẹ́. Adélaní ki ìka bọ inú ihò wáyà lẹ́yìn ara rẹ̀, ó dì í mú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ pápá, ẹsẹ̀ tó mọ̀ láti ìgbà tó ti ń rá, ẹsẹ̀ náà kò wọ́, ó le, ó ń yá sí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni òun fi gbé ọmọ yìí lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí ọwọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní la ẹnu. Ta ló máa mọ̀?

Pákó dún.

Lẹ́yìn náà, kò sí ìró kankan. Bí ọmọ bá wà lókè, kò sí ìró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kò lè fara dà. Adélaní yí ọrùn.

Ó rí i. Ó wà lókè, ó na apá méjèèjì síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín abẹ́ igi fúrúùtù ni, ẹ̀rín tí kò mú wá sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ rí. Ó dára lójú Adélaní ju ohunkóhun tó ti rí láyé rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà débi tí omi fi lé ròrò sí i lójú. Ìgbà náà ni Wúràọlá gbé ojú kúrò nínú iyanrìn. Ojú wọn pàdé gba inú wáyà. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀ lókè níbẹ̀, kó tó balẹ̀.

Ìró tó jáde nígbà tó balẹ̀, kì í ṣe ti iyanrìn, ó dún bí igi tó ṣẹ́.

Gbogbo pápá pariwo. Kóòṣì Táíyé ń sáré, Olúrántí ti kúnlẹ̀ sínú kòtò, ó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yéjídé ṣì kẹ̀yìn sí wọn, ó di ojú pa, ó na ọwọ́ wá Adélaní káàkiri.

"Kí ni? Kí ni wọ́n ń pariwo fún? Bàbá Wúrà, ẹ dákun, ọmọ ta ni?"

Adélaní ti kọjú sí pápá pátápátá, ó di wáyà náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ṣì ń wò.